Ẹ Dojú Gìtá Náà Dé Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹjọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń kó wá bá mi lórí gìtá Hawaii ẹlẹ́sẹ̀, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní pedal steel. Wọ́n ra tokunbọ̀ tí kò ní orúkọ kankan lára, ohùn rẹ̀ kì í dúró bí wọ́n bá tẹ pẹ́dà, wọ́n gbé e fún oníṣẹ́, owó lọ, àrùn kò lọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá bèèrè ẹni tó ṣe é.

Ẹni tó bá fẹ́ràn jùjú kò nílò kí n sọ bí gìtá yìí ṣe ń dún. Demola Adepoju ti fi í ṣeré fún wa tó nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé. Abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iná ni pẹ́dà fi ń yí ohùn padà. Rárá o, irin ló ń fa irin. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dà, ọ̀pá kan á fa ìgbọ̀nwọ́ irin kékeré lábẹ́ gìtá. Ìgbọ̀nwọ́ náà á fa ọ̀pá tín-ín-rín tó lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí àwọn ìka irin tò sí. Okùn kọ̀ọ̀kan ló ní ìka tirẹ̀, orí ìka yìí ló sì gbà kọjá. Bí ọ̀pá bá fa ìka, orí rẹ̀ á yí díẹ̀, okùn á le sí i, ohùn á gòkè. Nínú ètò ohùn okùn tí wọ́n ń pè ní E9, èyí tó wọ́pọ̀ jù, pẹ́dà A ló ń gbé okùn karùn-ún àti ìkẹwàá láti B lọ sí C-sharp.

Nítorí náà, ibi méjì la ti ń tún ohùn okùn bẹ́ẹ̀ ṣe. Bí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí pẹ́dà, ìyídà apá òsì là ń yí. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ pẹ́dà dé ìsàlẹ̀, kí ẹ wá yí nọ́ọ̀tì náílọ́ọ̀nù kékeré tó wà ní ìparí ọ̀tún. Àwọn tó ń tẹ pẹ́dà tí wọ́n tún ń yí ìyídà òsì ló ń ba ohùn méjèèjì jẹ́. Ohùn ò bá wọn lára mu, wọ́n á tún máa fi agbára tẹ̀ ẹ́! Pẹ́dà ní ibi tó ń dúró sí. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kọjá ibẹ̀, ọ̀pá lẹ ń tẹ̀ wọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn gìtá ilé iṣẹ́ Emmons tí wọ́n ń pè ní push-pull, ti nǹkan bí 1964, yàtọ̀, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà tún ohùn wọn ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí àwọn gìtá tí kò ní orúkọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ṣe gìtá ló fi orúkọ pamọ́. Paul Bigsby, oníṣẹ́ gìtá ní Downey ní California, fúnra rẹ̀ ló ń rọ aluminium tó ń lò. Ó ṣe gìtá ẹlẹ́sẹ̀ fún olórin Speedy West ní 1948, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà síwájú iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Bud Isaacs, tó ń ta gìtá ẹlẹ́sẹ̀, wá tẹ pẹ́dà bí okùn ṣe ń dún lọ́wọ́, nínú orin Webb Pierce tó gbòde ní 1954, gbogbo ẹni tó ń ta gìtá bẹ́ẹ̀ fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ irin gbé ayùn, wọ́n so ọ̀pá àti pẹ́dà mọ́ gìtá àtijọ́, àwọn mìíràn ṣe odindi láti ìpìlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò kọ orúkọ sí i. Bí oníṣẹ́ ṣe gé ìgbọ̀nwọ́, bí ó ṣe tẹ ẹnu ọ̀pá, irú bóòtù tó lò: ibẹ̀ lẹ ti lè dá ọwọ́ ẹni tó ṣe é mọ̀, kì í ṣe iwájú.

Àwọn oníjìbìtì mọ̀ pé ẹ kì í wo abẹ́. Wọ́n á lẹ orúkọ ńlá mọ́ iwájú, wọ́n á yọ irin tí ẹnì kan fi ọwọ́ gé, wọ́n á fi ti ilé iṣẹ́ rọ́pò rẹ̀, wọ́n á ní àwọn tún un ṣe. Ẹ̀rí ni wọ́n jù nù! Àwọn mìíràn á rọ gírísì sí ìka títí eruku á fi dì mọ́ ọn, tí kò ní lè padà sí àyè rẹ̀ mọ́.

Ẹ ya fọ́tò abẹ́ gìtá náà kí wọ́n tó tú bóòtù kan. Bí oníṣẹ́ bá ní irin tó yọ kò wúlò, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ dì í sínú àpótí gìtá náà.