Àwọn Ẹyẹ Àlejò ní Etí Odò Wémè

Lónìí, a ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹyẹ tí ó ń ti òkèèrè wá sí etí omi wa.

Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, odò Wémè máa ń kún bo àbàtà etí rẹ̀. Ní àkókò kan náà, òtútù ń bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, kòkòrò tí ẹyẹ ń jẹ sì ń wọ́n níbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹyẹ ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí ọ̀dọ̀ wa. Irú alápàándẹ̀dẹ̀ kan wà nínú wọn. Kò wúwo tó ẹyin adìẹ, síbẹ̀ ó ń lọ, ó ń bọ̀ lọ́dọọdún.

Báwo ni a ṣe mọ̀? Láyé àtijọ́, àwọn kan ní Yúróòpù rò pé inú ẹrẹ̀ ni alápàándẹ̀dẹ̀ ń sùn sí nígbà òtútù. Ní ọdún 1822, wọ́n rí ẹyẹ àkọ̀ kan ní Jámánì tí ọ̀kọ̀ gún ní ọrùn. Ọ̀kọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ni! Ẹyẹ náà ti gbé e fò délé. Ní ọdún 1899, olùkọ́ kan ní Dẹ́ńmáàkì, Mortensen, bẹ̀rẹ̀ sí fi òrùka irin fúyẹ́ sí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ó kọ nọ́ńbà àti orúkọ ìlú sí i lára. Wọ́n ń ṣe é títí di òní. Òrùka ilẹ̀ Faransé lè ní ọ̀rọ̀ yìí: MUSEUM PARIS.

Ẹni tí kò mọ̀wé lè rí irú òrùka bẹ́ẹ̀ kí ó sọ ọ́ nù. Ẹ̀yin lè kà á.

Bí ẹ bá fẹ́ wo àwọn ẹyẹ náà, ẹ lọ sí etí omi ní kùtùkùtù. Ẹ fi ajá sílẹ̀ nílé. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí ẹ sì dúró jẹ́ẹ́. Ẹ lè rí ẹyẹ kékeré tí ikùn rẹ̀ dà bí ìyeyè tó pọ́n. Ó máa ń tẹ̀lé màlúù, ó ń ju ìrù. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín: ọjọ́, ibi, irú ẹyẹ, iye wọn.

Bí ẹ bá rí òkú ẹyẹ tó ní òrùka, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án. Ẹ da gbogbo ohun tí a kọ sára òrùka náà kọ, kí ẹ mú un lọ bá olùkọ́ yín tàbí òṣìṣẹ́ igbó ìjọba. Ẹ má pa ẹyẹ nítorí òrùka o.

Ní ọdún 1971, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní ìlú Ramsar, ní Iran, láti dáàbò bo àwọn ilẹ̀ olómi. Ní ọdún 2000, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fi ìsàlẹ̀ odò Wémè, adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Àwa ni a wà lókè odò. Bí a bá da oògùn oko sómi níhìn-ín, ìsàlẹ̀ ni yóò ṣàn lọ. Ẹja á kú, àlejò wa kò ní rí oúnjẹ, àwa náà kò ní rí ẹja rà lọ́jà.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé:
1. Kí ló ń lé àwọn ẹyẹ kúrò ní Yúróòpù?
2. Kí ni a ń kọ sára òrùka ẹyẹ?
3. Ta ni oògùn tí a dà sómi ń pa lára?