Gbígbé Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ti Pààrọ̀ Ẹsẹ̀ Iwájú Rẹ̀ Sókè Láìséwu

Ibi tí jáàkì ń gbà wọlé lábẹ́ ọkọ̀ kì í yí padà nítorí pé wọ́n pààrọ̀ ẹsẹ̀ iwájú. Ohun tó ń yí padà ni bí ọkọ̀ yóò ṣe gòkè tó kí táyà tó kúrò nílẹ̀, àti bí irin tuntun abẹ́ rẹ̀ ṣe lè gba ẹrù tó. Sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tí ilé iṣẹ́ fi sí ọkọ̀ ni wọ́n fi wọn jáàkì inú búùtù. Ní Dilimi, bí i níbi púpọ̀ nílùú Jos, ihò àti òkúta ojú ọ̀nà kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ pẹ́, owó oríginà sì wọ́n. Àfarawé tuntun tí wọ́n ń pè ní Táíwàn ni ọ̀pọ̀ onímọ́tò ń rà, tàbí àlòkù tí wọ́n ń pè ní Bẹ́líjíọ̀mù. Àwọn mìíràn a tún ní kí mẹ́káníìkì fi sípíríǹgì tó gùn jù tàbí rọ́bà sí i, kí ọkọ̀ lè ga lórí ọ̀nà búburú.

Bí ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì bá ti gùn ju ti tẹ́lẹ̀, táyà a máa rọ̀ sísàlẹ̀ bí ara ọkọ̀ ti ń gòkè. Jáàkì lè na tán kí táyà má tíì kúrò nílẹ̀. Níbẹ̀ ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀, torí búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì ni wọ́n sábà máa ń wá sábẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kì í ṣe ìkìlọ̀ kó tó fọ́. Pákó líle tó fẹ̀ ju ìdí jáàkì lọ ló yẹ lábẹ́ rẹ̀, tàbí kí wọ́n lo jáàkì tó ga jù bẹ́ẹ̀. Jáàkì tó na tán tún rọrùn láti ṣubú ju èyí tó kù díẹ̀ kó na.

Kò yẹ kí orí jáàkì kan apá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Apá Táíwàn lè jẹ́ irin fẹ́lẹ́, ó sì lè tẹ̀ síbi tí ti ilé iṣẹ́ kò ti tẹ̀, kí jáàkì yọ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Táì rọ́ọ̀dù kò gba ọkọ̀ dúró, agbada ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kò sì gbà á: èyí àkọ́kọ́ á tẹ̀, èkejì á fọ́.

Ilẹ̀ ibi iṣẹ́ ṣe pàtàkì bí i jáàkì fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ̀ sí odò Dilimi kò dára fún iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí òjò ti rẹ̀ láàrin oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá. Ẹsẹ̀ jáàkì a máa rì díẹ̀díẹ̀ síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ó sàn kí wọ́n ti ọkọ̀ lọ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le, kódà bí onímọ́tò bá ń kánjú.

Hánbíréèkì gbọ́dọ̀ wà lókè, kí ọkọ̀ sì wà nínú gíà. Táyà ẹ̀yìn ni hánbíréèkì ń dì mú nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, nítorí náà igi tàbí òkúta ńlá gbọ́dọ̀ há iwájú àti ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Nọ́ọ̀tì táyà iwájú la ń tú díẹ̀ kí ọkọ̀ tó gòkè; bí wọ́n bá fi agbára tú u nígbà tí ọkọ̀ ti wà lókè, ọkọ̀ lè mì kúrò lórí jáàkì.

Lábẹ́ ilẹ̀kùn iwájú, lẹ́yìn táyà díẹ̀, etí irin kan wà tó gùn lọ sẹ́yìn. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ojú gígé kékeré méjì wà níbẹ̀, àárín wọn ni orí jáàkì ń jókòó sí. Tókúnbọ̀ tó ti ìlú oníyìnyín wá yẹ fún àyẹ̀wò níbí, torí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà òtútù máa ń jẹ irin abẹ́ ọkọ̀, pọ́tì àti ọ̀dà dúdú sì lè bo ìpẹtà náà. Kí mẹ́káníìkì fi ìdí sípánà kàn án: irin tó le á dún gbinrin, èyí tó ti jẹrà á dún pọ̀kọ̀, ìpẹtà á sì máa dà sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Irú ibẹ̀ kò gbé ọkọ̀.

Jáàkì fún gbígbé ni, sítáǹdì ló ń dá ọkọ̀ dúró. Rọ́bà inú jáàkì onípọ́ǹpù lè gbó, kó máa sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ki orí tàbí apá sábẹ́ ọkọ̀ kí sítáǹdì tó jókòó sábẹ́ irin ara ọkọ̀ tó le, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì. Kí wọ́n fi ọwọ́ mi ọkọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Táyà tí wọ́n yọ tún yẹ kí wọ́n tì sábẹ́ ara ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ààbò kejì. Bí ọkọ̀ bá já lu ènìyàn, jáàkì mìíràn ni kí wọ́n fi gbé e, kí wọ́n má ṣe fa ẹni náà, kí wọ́n sì pe 112.

Nọ́ọ̀tì àárín orí ṣọ́ọ̀kì kò gbọ́dọ̀ jẹ́ títú láìsí irin tí ń fún sípíríǹgì pọ̀, torí sípíríǹgì náà lè fò jáde kó pa ènìyàn. Bóòtù apá ìsàlẹ̀ tó gba inú rọ́bà búṣìnì kọjá kò gbọ́dọ̀ le tán nígbà tí táyà ń rọ̀ lókè. Bí ọkọ̀ bá balẹ̀, tí ìwúwo rẹ̀ wà lórí táyà, ni kí wọ́n wá fún un le tán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà á lọ́, á sì já láìpẹ́. Nọ́ọ̀tì táyà pẹ̀lú, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fún un le tán: ti ọ̀pọ̀ Toyota Corolla jẹ́ 103 N·m. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, kí wọ́n tún fi sípánà yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì gbé ọkọ̀ lọ fún aláímẹ́ǹtì.