Àkàrà ní Òdìkejì Òkun

Ní ìparí oṣù kìíní, ọkùnrin mọlémọlé kan àti ìyàwó rẹ̀ gbéra ní Àjàṣẹ́. Wọ́n lọ lo ọjọ́ mẹ́wàá ní Salvador, ìlú ńlá etí òkun ní Bùràsíl, ilẹ̀ tí àwọn àgbà ń pè ní ilẹ̀ Àgùdà. Ọmọ wọn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé ni ó san owó ọkọ̀. Wọn kò mọ ẹnì kankan ní ìlú náà, wọn kò sì gbọ́ èdè Pọtogí tí wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Òkun nìkan ni ó wà láàárín Bẹ̀nẹ̀ àti Salvador. Síbẹ̀, ọkọ̀ òfúrufú kọ́kọ́ gbé wọn lọ sí Yúróòpù kí òmíràn tó gbé wọn sọdá. Aago Àjàṣẹ́ sì fi wákàtí mẹ́rin ṣáájú ti ibẹ̀. Ní òru àkọ́kọ́, ìyàwó dìde láti lọ fọ ẹ̀wà, nítorí pé àkàrà ni ó ń dín tà láti ìgbà èwe rẹ̀. Aago mẹ́rin ìdájí ni ara rẹ̀ mọ̀. Ọ̀gànjọ́ òru ni ní Salvador.

Ní ọdún 1549 ni àwọn ará Pọtogí tẹ ìlú náà dó, òun sì ni olú ìlú Bùràsíl títí di ọdún 1763. Apá kan rẹ̀ wà lórí òkè, apá kejì wà nísàlẹ̀ létí omi. Ẹ̀rọ ńlá kan, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1873, ni ó ń gbé ènìyàn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Gíga rẹ̀ tó mítà 72. Ọkọ di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú nínú rẹ̀, ó sì di ojú títí ilẹ̀kùn fi ṣí.

Lókè ni àdúgbò Pelourinho wà. Àwọn ilé ibẹ̀ ní àwọ̀ pupa, yẹ́lò àti búlúù, ó wu ojú. Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò dára: òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ láti nà án ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkọ kò tètè kúrò níbẹ̀. Ó ń wo òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì àti ẹfun mọ sí orí fèrèsé, ó ń fi ìka kan ògiri. Nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó ti bá a tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ní Àjàṣẹ́, ilé tí àwọn ọmọ Àgùdà tí ó padà wálé kọ́. Mọ́sálásí ńlá Àjàṣẹ́, tí ojú rẹ̀ dà bí ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni.

Ó ní: «Ìyá àwọn ọmọ, ẹ wò ó. Ọwọ́ kan náà ni.»

Ìyàwó dáhùn pé: «Bàbá wọn, ebi ń pa mí.»

Ní àdúgbò yẹn kan náà ni Ilé Bẹ̀nẹ̀ wà, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1988. Ohun èlò tí Pierre Verger, ará Faransé, kó wá láti Bẹ̀nẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bá ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kan pàdé, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ó gbọ́ èdè Pọtogí. Òun ni ó di ẹnu wọn láti ọjọ́ náà.

Ó mú wọn lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí ó jókòó ní ìkóríta, aṣọ funfun ni ó wọ̀, gèlè funfun ni ó wé. Acarajé ni ó ń tà. Ìyàwó wo inú ìkòkò: ẹ̀wà tí a bó, tí a lọ̀, tí a fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí, tí a ń dín nínú epo pupa. Ó pariwo pé àkàrà ni! Obìnrin náà béèrè bóyá gbígbóná ni wọ́n fẹ́ tàbí tútù. Ọkọ ní gbígbóná, ta ló ń jẹ àkàrà tútù? Kò mọ̀ pé ata ni ó ń béèrè. Obìnrin náà la àkàrà náà sí méjì, ó fi ata, ọbẹ̀ ilá àti edé gbígbẹ sí i nínú. Ata náà kò ta wọ́n rárá.

Ìyàwó béèrè iye edé tí ó ń wọ inú ọ̀kan, ó béèrè iye tí wọ́n ń ra epo. Ó wá mọ̀ pé láti ọdún 2005 ni ìjọba Bùràsíl ti ka iṣẹ́ àwọn alákàrà sí ohun àjogúnbá gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, owó ọjà nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n fún.

Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní ọjọ́ kan, ọmọ náà sọ fún wọn nípa oṣù kìíní ọdún 1835. Nínú oṣù àwẹ̀ ni àwọn ẹrú àti àwọn tí ó ti ra ara wọn padà dìde ogun ní Salvador. Mùsùlùmí ni wọ́n, Nàgó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, «Malê» ni wọ́n ń pè wọ́n, èyí tí í ṣe Ìmàle. Ìjọba ṣẹ́gun wọn. Àwọn ọlọ́pàá wá inú ilé wọn, wọ́n kó ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ní èdè Lárúbáwá. Ẹni tí wọ́n bá ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ di ẹni ìfura. Wọ́n lé ọ̀pọ̀ kúrò ní ilẹ̀ náà, àwọn mìíràn fi owó ara wọn padà wá sí Èkó, Ouidah, Agoué àti Àjàṣẹ́. Àwọn ìwé náà ṣì wà nípamọ́ ní Salvador.

Mùsùlùmí ni ọkọ. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni òun náà kọ́ láti kà àti láti kọ. Ó ní kí ọmọ náà fi àwòrán ìwé náà hàn òun nínú fóònù, ó wò ó pẹ́, kò sì sọ nǹkan kan títí wọ́n fi dé ilé tí wọ́n wọ̀ sí.

Kétu ni wọ́n ti bí ìyàwó. Ogun Dàhòmì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn ní abúlé Kétu, wọ́n tà wọ́n fún ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ní Salvador, «Ketu» ni orúkọ ẹ̀yà àwọn abọ̀rìṣà tí ó lókìkí jù. Ó rò pé òun yóò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì, wọ́n lọ sí etí òkun ní Rio Vermelho, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti ń gbé òdòdó fún Yemọja. Wọ́n dúró lókèèrè. Àwọn ènìyàn ń kígbe «Odoyá!», ìyàwó sì gbọ́ ọ: odò, ìyá. Ó sún mọ́ ìyá àgbà kan, ó kí i ní Yorùbá, ó béèrè orúkọ rẹ̀. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó fún un ní òdòdó kan, ó sì sọ ọ̀rọ̀ Pọtogí gígùn. Ìyàwó bú sẹ́kún. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn náà pé ojú ìyá náà jọ ti àbúrò ìyá òun.

Nígbà tí wọ́n padà dé Àjàṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í la àkàrà tirẹ̀, ó ń fi ọbẹ̀ ilá àti edé sí i. Àwọn oníbàárà rà á ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n ní ó dùn, ṣùgbọ́n ó ti wọ́n jù.