Omi Kànga àti Omi Ẹ̀rọ nínú Títa Ilé

Ní Ìbàdàn, ṣàṣà ni ẹni tí yóò ta ilé tí kò ní sọ ti omi. "Omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀" ni olùrà sábà máa ń gbọ́. Nígbà tí ìjọba sé odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé ní 1942, tí ó sì sé odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjìre ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ohun tí gbólóhùn yìí dúró fún kò rú ẹnikẹ́ni lójú: omi tí ìjọba sẹ́, tí ó fi kiloríìnì sí, tí ó sì gba inú páìpù wọlé. Lónìí, omi bóhòlù ẹ̀yìnkùlé tí pọ́ǹpù ń fà sínú táńkì ń jẹ́ orúkọ náà pẹ̀lú. Olùtà kò purọ́, nítorí ẹ̀rọ ni ó fa omi. Ṣùgbọ́n olùrà kò mọ ohun tí òun ń rà.

Ìyàtọ̀ náà kò kéré. Àpáta líle ni ó wà lábẹ́ Ìbàdàn. Inú àpáta tí ó ti jẹrà lókè àti inú ojú ibi tí ó sán nísàlẹ̀ ni omi máa ń wà. Nítorí náà, kànga kan lè gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ti aládùúgbò má gbẹ. Bí ṣáláńgá bá sún mọ́ kànga, náítíréètì lè wọ inú omi. Bí ó bá ju míligíráàmù 50 lọ nínú lítà kan, ó léwu fún ọmọ ọwọ́ tí a ń fi omi náà po oúnjẹ fún, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé afẹ́fẹ́ bí ó ti yẹ. Síse kò lè mú un kúrò. Ṣe ni ó ń mú un ki sí i. Omi ìjọba náà ní àléébù tirẹ̀: páìpù tí omi kì í sábà wà nínú rẹ̀ máa ń fa ẹ̀gbin wọlé láti ojú ibi tí ó ti sán.

Olùtà tí páìpù ìjọba kọjá níwájú ilé rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ wò ó bóyá omi ń ṣàn nínú rẹ̀ ní tòótọ́. Bí kò bá ṣàn, ó sàn kí ó fi owó rẹ̀ bo kànga dáadáa, kí ó sì yẹ omi rẹ̀ wò. Ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, òfin 2001 sọ ọ́ di dandan pé kí a yẹ omi kànga aládàáni wò bí a bá ń ta ilé, kí olùtà àti olùrà sì fọwọ́ sí i pé àwọn ti rí èsì rẹ̀. Òfin náà kò ní kí a má ta ilé tí omi rẹ̀ kò dára. Ìmọ̀ ni ó béèrè fún.

Nínú ìwé àdéhùn, nígbà náà, orísun omi ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ fi hàn, kì í ṣe ohun tí ó gbé e jáde. "Omi ẹ̀rọ ìjọba" àti "omi bóhòlù" kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà; "kànga ẹlẹ́rọ" lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ti "kànga gbígbẹ́" tilẹ̀ tún burú jù: bí atẹ̀wé bá fo àmì ohùn kan ṣoṣo, kànga tí a gbẹ́ ti di kànga tí ó gbẹ. "Kànga àfọwọ́gbẹ́" ni ó yẹ kí olùtumọ̀ lò.