Ta Ni Yóò Kan Páànù Ilé Ẹbí?

Kò sí ẹni tí í rántí òrùlé tí ń jò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oòrùn a máa ràn, ilẹ̀ ilé a gbẹ, garawa tí a gbé sílẹ̀ fún omi tí ń kán a sì padà sí ilé ìdáná, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí òjò oṣù Kẹrin bá wá fi ìjì bẹ̀rẹ̀ lóru, gbogbo ilé a jí, oníkálukú a sì máa fa ẹní rẹ̀ kúrò lójú omi. Ìwà yìí ni a fẹ́ bá àwọn òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá jù lọ àwọn tí ń gbé ilé ẹbí, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀ràn náà gbé burú jù.

Ilé alámọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú ni ilé ẹbí tí a bí mi sí, páànù ni a sì fi bò ó. Nígbà tí òrùlé yàrá àbúrò baba wa kan bẹ̀rẹ̀ sí í jò, a ní òun ni kí ó tún un ṣe, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé orí ibùsùn rẹ̀ ni omi ń kán sí. Ó pe káfíńtà kan. Káfíńtà náà gun òkè, ó wo ọ̀gangan ibi tí garawa wà, ó kan àjákù páànù mọ́ ọn, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Òjò rọ̀, ilé jò. Ó padà wá lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Ìṣó titun tí ó ń kàn sì ń di ihò titun. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni a rí i pé ihò náà gan-an wà lókè pátápátá, nítòsí ṣóńṣó òrùlé, lórí yàrá ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé, tí ó ń tọ ara igi àjà bọ̀ wá sísàlẹ̀ bí èèrà, tí kì í já bọ́ títí yóò fi dé ibi tí igi náà ti fara kan òmíràn. Olùkọ́ tí ó bá ń wá àpẹẹrẹ láti fi kọ́ ọmọ pé omi a máa wá ibi tí ó rẹlẹ̀ kò ní láti rìn jìnnà.

Nítorí náà, ẹni tí omi ń kán sí lórí lè má jẹ́ ẹni tí òrùlé rẹ̀ lu. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí omi ti ń wọlé, ẹ gun inú àjà lọ́sàn-án gangan, kí ẹ má tan iná. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ bí ìràwọ̀, ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan gún un jáde, kí ẹni tí yóò gun òrùlé lè rí i. Ẹ wo ìṣó pẹ̀lú. Ibi tí páànù ti ga sókè ni à ń kan ìṣó sí, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ tí omi ń gbà ṣàn lọ. Ibi tí òrùlé méjì ti pàdé, ewé a máa dí i, omi a sì padà sẹ́yìn wọ inú ilé; gbígbá lásán tó fún èyí, kò béèrè kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n síǹkì tí a fi bo irin páànù lára ni kì í jẹ́ kí ó dógùn-ún. Nígbà tí síǹkì náà bá ti jẹ tán, ìṣó kò ní dúró mọ́, owó tí a bá sì ná lórí àjákù páànù di òfò.

Àwọn kan ní omi tí ń kán tó, tó, tó kò pa ènìyàn. Àwa kò gbà. Ní ilé alámọ̀, inú ògiri ni omi yìí ń wọ̀ lọ. Sìmẹ́ńtì ojú ògiri kò jẹ́ kí a rí i pé amọ̀ inú rẹ̀ ti ń di ẹrẹ̀, kò sì jẹ́ kí ó tètè gbẹ. Ní ọdún kẹta tí a ti ń fa ẹní kiri, ògiri ẹ̀yìn yàrá náà wó lóru ọjọ́ kan. Ọmọ méjì tí í máa sùn níbẹ̀ ti lọ sùn lọ́dọ̀ ìyá wọn àgbà ní alẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé ẹní wọn tutù. Ohun tí ó yọ wọ́n nìyẹn, kì í ṣe ọgbọ́n àgbà kankan nínú wa. Ní ti ilé tí wáyà iná mànàmáná gba inú àjà rẹ̀ kọjá, ẹ pa iná náà láti ìdí mítà kí ẹ tó gbé garawa rárá.

Àwọn baba wa kò fi ọ̀ràn òrùlé ṣe ti ẹnì kan. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ọdún pàtàkì ni ọdún Bẹẹrẹ jẹ́: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Aláàfin máa ń ru koríko bẹẹrẹ wá, èyí tí a fi ń bo ààfin. Bí ọba pàápàá kò bá dá bo òrùlé tirẹ̀, kí ni a rò nígbà tí a di ẹrù náà lé àbúrò baba wa nìkan lórí, tí a sì tún ní kí ó ṣe é nínú òjò?

Lẹ́yìn tí ògiri wó, a pe ìpàdé. Àwọn tí ń gbé Èkó ní àwọn kò sùn nínú ilé náà, àwọn kò sì rí ìdí tí àwọn yóò fi san owó páànù. Ìyá wa tí ó dàgbà jù bi wọ́n pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ilé ta ni ẹ ń dé sí nígbà ọdún?” Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn, ṣùgbọ́n owó wọlé. Láti ìgbà náà, àgbà ọkùnrin àti obìnrin ilé wa ń dá owó ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò bá ti dá, a sì ń ṣe apá kan lọ́dọọdún. A ti pààrọ̀ páànù ẹ̀yìnkùlé pátá. Ti iwájú ṣì kù, ṣùgbọ́n ibùsùn àbúrò baba wa ti padà sí àyè rẹ̀.