Ohun tí eku ń fojú mọ́tò rí l'Álákìà: ẹni tó bá ń páàkì síta, kó tètè ka èyí

Aago márùn-ún ìdájí ti lù. Baálé ilé ti wẹ̀, ó ti wọṣọ, ìyàwó ti kó àwọn ọmọ sẹ́yìn mọ́tò, nítorí ẹni tó bá ń ti Alákìà lọ sí Dùgbẹ̀, tó bá jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kó tó jáde, gosiló Ìwó Road ni yóò gbà á lálejò. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ojú ihò, ó yí i. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ó tún yí i. Mọ́tò tó gbé e wálé wọ́ọ́rọ́wọ́ lálẹ́ àná kò dá a lóhùn mọ́. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni bátìrì, èyí tó tẹ̀ lé e ni àwọn ará ilé bàbá ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì ni àṣírí tú: wáyà já síbí, ó já sọ́hùn-ún, èèpo ẹ̀pà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, ìgbẹ́ eku sì tò sórí ẹ́ńjìnì bí ìrẹsì tó jóná. Ará ilé bàbá ẹnikẹ́ni ò mọ̀ nípa ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun létí ará Alákìà, Adégbàyí, títí dé Ẹ̀gbẹ́dá. Àdúgbò tí bàálù ń balẹ̀ sí ni Alákìà, ibẹ̀ ni pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn wà, síbẹ̀ igbó ò tíì kúrò lẹ́yìnkùlé. Ilé alájà kan á wà níhìn-ín, ilẹ̀ tí ẹni tó ni ín ti rà tipẹ́ tí kò rówó kọ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kóríko ibẹ̀ á ti ga ju ọmọdé lọ. Ẹnì kan á tún ti gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Inú irú ibẹ̀ yẹn ni eku fi ṣe ilé. Tó bá di ìgbà ọyẹ́, tí wọ́n kórè oko tán, tí wọ́n tiná bọ igbó, ibo ni kí eku gbà? Ọ̀dọ̀ èèyàn ni. Tó bá di ìgbà òjò, tí omi ya wọnú ihò ẹ̀, ọ̀dọ̀ èèyàn náà ni. Bí wọ́n bá sì ti ilẹ̀kùn ilé pa mọ́ ọn, mọ́tò tó wà níta nìyẹn: ó gbẹ, ó ṣókùnkùn, ẹ́ńjìnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Gbági dé ṣì ń gbóná lọ́wọ́ọ́wọ́. Òtẹ́ẹ̀lì ọ̀fẹ́ ni.

Mọ́tò tó ń jáde lójoojúmọ́ pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n èyí tó bá pẹ́ lójú kan ni wọ́n ń sọ di ilé ìkómọ. Láti ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà epo tí kò tó ₦200 fi di ohun tó ju ₦600 lọ kí oṣù keje ọdún náà tó parí, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló ti gbé mọ́tò tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n ń wọ Micra lọ síbi iṣẹ́. Àfi tí òde bá wà ní Sátidé ni wọ́n ń rántí ẹ̀. Eku kò sì nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni abo eku ilé fi ń lóyún, ó sì lè bí ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fi mọ́tò sílẹ̀ fún àlejò kan lóṣù yìí, ìdílé odindi ni yóò bá níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2017. Ààrẹ ìgbà náà, olóògbé Muhammadu Buhari, lo ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ nílùú London fún ìtọ́jú ara. Nígbà tó dé, agbẹnusọ ẹ̀, Garba Shehu, sọ fáráyé pé inú ilé ni ọ̀gá òun yóò ti máa ṣiṣẹ́ ná, nítorí eku ti ba àga àti ẹ̀rọ amúlétutù inú ọ́fíìsì jẹ́. Gbogbo ayé fi rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tó di ọdún 2025 tí Shehu kọ ìwé, tó jẹ́wọ́ pé òun fi ọ̀rọ̀ eku yẹn gbé ojú àwọn èèyàn kúrò lára àìlera ọ̀gá òun ni. Wọ́n parọ́ mọ́ eku Abuja nìyẹn o. Ti Alákìà ò gba irọ́.

Kí wá ni eku ń wá lára wáyà tí kò ládùn? Eyín ló ń dà á láàmú. Eyín iwájú eku kì í dẹ́kun híhù, láàárín ọdún kan ó lè hù ju ínṣì mẹ́rin lọ. Bí kò bá rí nǹkan tó le fi pọ́n ọn, eyín yẹn á gùn débi tí kò ní í lè jẹun mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń gé pákó, rọ́bà, ike, àní òjé pàápàá. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà ò gbà pé bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ mọ. Lọ́dún 2016, wọ́n gbé Toyota lọ sí kóòtù ní California, wọ́n ní ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ń pò mọ́ èèpo wáyà ìgbàlódé ló ń pe eku. Ilé-iṣẹ́ náà ò gbà. Ọ̀rọ̀ sóyà yìí dùn-ún gbọ́, pàápàá nílùú tí Toyota tọ́kunbọ̀ kún ìgboro, àmọ́ eku ti ń gé wáyà láti ayé Peugeot 504. Ilé-iṣẹ́ Honda ní tiwọn kàn ṣe téèpù kan tí wọ́n ń wé mọ́ wáyà, oró ata ni wọ́n pò mọ́ ọn. Òyìnbó náà mọ̀ pé ata ń ta!

Wáyà kan tó já lè máà ju kí iná máa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Rewáyà á tọpa ẹ̀ títí, owó àwátọ̀pa á sì fi ìlọ́po ju owó wáyà lọ. Bó bá jẹ́ wáyà tó lọ sí brain box ni, kí ẹni tó ni mọ́tò wá ibi jókòó kó tó béèrè iye owó. Èyí tó burú jù ni kí eku gé rọ́bà tí epo ń gbà, tàbí kó bó wáyà méjì sílẹ̀ kí wọ́n máa fara kanra. Iná ló ń gbẹ̀yìn irú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́. Ibà Lassa, tí wọ́n fi orúkọ abúlé Lassa ní Borno pè nígbà tí wọ́n dá a mọ̀ lọ́dún 1969, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku kan ló ti ń wá, ẹni tó bá sì rí ìgbẹ́ eku nínú mọ́tò kò lè mọ eku tó yà á. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ìgbálẹ̀ gbá a, kó má sì tan AC kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ eruku ẹ̀ sí àwọn ọmọ lójú. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ da omi tí ẹ pò mọ́ Jik sórí ìgbẹ́ náà kó rin dáadáa, kí ẹ tó fi àkísà nù ún, kí ẹ sì ju àkísà náà nù. Bí ibà bá wá mú ẹni náà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí oògùn ibà ò ràn án, ẹ gbé e lọ ọsibítù, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ó ti fọwọ́ kan ìgbẹ́ eku. Wọ́n lè máà bi yín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣemáṣe ni oògùn eku. Wọ́n á da Sniper sínú mọ́tò, wọ́n á tì í pa mọ́jú, wọ́n á kó ọmọ sí i láàárọ̀. Lọ́dún 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà, kì í ṣe pé wọ́n kàn ń wá wàhálà. Májèlé tó ń pa eku ń pa èèyàn náà. Káńfọ̀ tí àwọn mìíràn ń jù sábẹ́ àga ńkọ́? Òórùn ẹ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan jẹ́, kí ojú wọn pọ́n bí aṣọ tí wọ́n pa láró pupa rúsúrúsú, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ká tiẹ̀ ní májèlé pa eku náà, ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ló máa ń lọ kú sí. Ẹ bi ẹni tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí nípa òórùn ọjọ́ kẹta.

Pàkúté ló sàn jù. Ẹ fi ẹ̀pà tàbí ẹja gbígbẹ sí i, ẹ dẹ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, nítorí orí táyà ni eku máa ń gbà gòkè. Kí ẹ sì dẹ ẹ́ síbi tí ọmọ àti adìyẹ ò ní í dé. Ṣùgbọ́n kí pàkúté tó ṣiṣẹ́, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó oúnjẹ kúrò nínú mọ́tò: gúgúrú tí ọmọ dà sílẹ̀, ọ̀rá búrẹ́dì, gaàrí tí wọ́n rà lọ́jà tí wọ́n gbàgbé sí búùtù. Ẹ ro kóríko ẹ̀gbẹ́ ilé, ẹ má páàkì ti ààtàn tàbí igi tí wọ́n tò jọ, bí ẹ ò bá tiẹ̀ rówó epo, ẹ ta mọ́tò náà jí lọ́jọ́ méjì-méjì, kí ẹ sì sún un kúrò lójú kan. Kí mẹ́káníìkì fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí ojú ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Kí ojú nẹ́ẹ̀tì náà wẹ́ o, nítorí ihò tí bíro lè gbà kọjá tó fún ẹlírí láti wọlé. Níbi tí eku bá ti tọ̀ sí, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ohun tí eku tòní fi sílẹ̀ ni tọ̀la ń gbóòórùn wá.

Àwọn kan gbà pé kí èèyàn ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lálẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ àti òtútù lé wọn. Kò burú fún ẹni tó ní ọgbà tó ní géètì. Níbi tí kò ti sí géètì, eku ò ní í gé wáyà lóòótọ́, àmọ́ olè á gbé bátìrì. Ẹ̀rọ tó ń dún létí eku, tí etí èèyàn ò gbọ́, ẹ ṣọ́ra fún òun náà: lọ́dún 2001, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà kọ̀wé ìkìlọ̀ sí ilé-iṣẹ́ tó lé ní ọgọ́ta lórí irú ẹ̀, pé kí wọ́n lọ ní ẹ̀rí ohun tí wọ́n ń sọ. Ológbò ńkọ́? Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, bí àwọn aládùúgbò ò bá ti sọ ọ̀rọ̀ àjẹ́ sí i. Kí ẹni tó bá sìn ín ṣáà máa fọwọ́ gbá bọ́ńẹ́ẹ̀tì kó tó ta mọ́tò, nítorí ológbò náà fẹ́ràn ibi tó bá gbóná. Ejò náà máa ń tọ eku débẹ̀.

Ní Jámánì, ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní Marder ló ń gé wáyà mọ́tò jẹ, adójútòfò ló sì ń sanwó ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ onímọ́tò. Ìgbà tó ju 200,000 lọ ni wọ́n san irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2023. Third party tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn onímọ́tò níbí, tó di ₦15,000 ní oṣù kìíní ọdún 2023, jàǹbá tí èèyàn bá ṣe fún ẹlòmíràn nìkan ló wà fún. Eku ò sí nínú ẹ̀. Àpò ẹni tó ni mọ́tò ni rewáyà ń wò.