Ìtanijí: Èébú Ẹlẹ́yàmẹ̀yà Lórí Ayélujára àti Ohun Tí Òfin Wí

Kí ni à ń pè bẹ́ẹ̀?

Èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni kí a torí àwọ̀ ara tàbí ìran ènìyàn bú u, tàbí kí a torí rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn. Fún àpẹẹrẹ, ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2021, Ítálì gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Yúróòpù mọ́ England lọ́wọ́ ní Wembley. Àwọn agbábọ́ọ̀lù England mẹ́ta, Marcus Rashford, Jadon Sancho àti Bukayo Saka, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gbá pẹ́nárítì wọn dànù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti kún ojú ìkànnì wọn. Ọmọ ọdún 19 péré ni Saka nígbà náà.

Kí ló ń fà á?

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé orúkọ ìbòjú ló ń kì àwọn tó ń bú ènìyàn báyìí láyà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Twitter yẹ àwọn àkáǹtì tó tì pa nítorí ìdíje náà wò, ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹni tí a lè dá mọ̀. Ohun tí wọn kò ní ni ìbẹ̀rù ìyà.

Báwo la ṣe ń dá a mọ̀?

Àwòrán ọ̀bọ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lábẹ́ fọ́tò aláwọ̀ dúdú. "Ẹ padà sí ìlú yín." Ọ̀rọ̀ tí a fi nọ́ńbà rọ́pò lẹ́tà inú rẹ̀ kí ẹ̀rọ má baà gbá a mú. Ẹ má gbà á ní àwàdà. Ẹ lè sọ pé agbábọ́ọ̀lù kan kò gbá bọ́ọ̀lù dáadáa. Ìran rẹ̀ ni kò sí nínú ọ̀rọ̀.

Kí ni òfin wí?

Ní 2022, ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ̀dọ́kùnrin kan tó bú Rashford sẹ́wọ̀n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti yí orúkọ àkáǹtì rẹ̀ padà. Òfin Online Safety Act ilẹ̀ náà ti 2023 wá kan àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni ìkànnì fúnra wọn. Láti oṣù Kẹta 2025, bí wọn kò bá gbógun ti ohun tó lòdì sófin lójú òpó wọn, Ofcom, àjọ tó ń ṣàmójútó wọn níbẹ̀, lè bu ìtanràn £18 mílíọ̀nù lé wọn, tàbí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún wọn lágbàáyé, èyí tó bá pọ̀ jù.

Nàìjíríà náà ní tirẹ̀. Abala 26 òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015 lè rán ẹni tó bá ń fi ìran tàbí ẹ̀yà bú ènìyàn ní gbangba lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún, tàbí kó san tó mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà, tàbí méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tó ń bú Ìgbò tàbí Haúsá lórí Facebook, òfin yìí ń bá a wí.

Ìdènà

Ẹ má fèsì, ẹ má sì pín in kiri, kódà láti fi bẹnu àtẹ́ lù ú. Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán ojú fóònù tó fi orúkọ àkáǹtì, ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ náà hàn, torí ẹni tó kọ ọ́ lè pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi sun ilé-iṣẹ́ tó ni ìkànnì, kí ẹ sì fi sun ọlọ́pàá bí ìhalẹ̀ bá wà níbẹ̀. Ofcom kì í yanjú ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀sùn tó ń wọlé ń ràn án lọ́wọ́ láti mọ ilé-iṣẹ́ tó yẹ kó tọ pinpin. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé wọ́n lè gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá hàn yín láìjẹ́ pé ẹ óò gba fóònù lọ́wọ́ wọn.